Ẹja dídì kì í ṣe àjẹkù òyìnbó

Ẹni tó bá ń ra ẹja ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, á ti gbọ́ ọ: òyìnbó ti jẹ èyí tó dáa tán kí wọ́n tó di àjẹkù sínú páálí ránṣẹ́ sí wa. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ni kò jẹ́ kó bàjẹ́. Lójú wọn, ẹja tí kò dì nìkan ló jẹ́ tuntun. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká yà sí èbúté Hull àti Grimsby, ní England, níbi tí trọ́là, ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, ti sọ èèyàn di olówó. Lọ́dún 1881 ni wọ́n kan Zodiac, trọ́là oníná sítíìmù, ní Hull fún àwọn ará Grimsby. Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ibi tí apẹja á dé. Nígbà tó yá, wọ́n ń lọ títí dé Iceland, ìrìn àjò tó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sì sí fíríìsà nínú ọkọ̀. Yìnyín fífọ́ ni wọ́n ń kó dání: wọ́n á tú ìfun ẹja, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ìpele yìnyín kan, ìpele ẹja kan.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹja tí wọ́n kọ́kọ́ pa á dúró de èyí tí wọ́n pa kẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì jọ rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan padà sílé. Ó lè ti tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kan ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí Torry, ní Aberdeen, rí i pé bí ẹja kọ́ọ̀dù bá ti lo nǹkan bí ọjọ́ 15 nínú yìnyín, kò ṣeé jẹ mọ́. Síbẹ̀, ẹja tútù ni wọ́n ń pè é lọ́jà, torí pé kò dì rí!

Ìdí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tó ń di ẹja wọ inú ọkọ̀ nìyẹn. Fairtry, tí wọ́n kàn ní Aberdeen, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1954: ó ń fa àwọ̀n gba ẹ̀yìn wọlé, ó sì ń gé ẹja, ó ń dì í, láì tíì kúrò lójú omi. Àwọn ará Netherlands náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti èbúté bíi IJmuiden ni wọ́n ti ń lọ pa ṣáwá, kote àti Titus, tí wọ́n ń dì wọ́n lódindi sínú páálí. Nàìjíríà sì wà lára ọjà wọn tó tóbi jù. Àwa gan-an ni wọ́n ń dì í fún. (Ti Norway, orí ilẹ̀ ni wọ́n sábà ń dì í sí.)

Ní ìwọ̀n òtútù -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kòkòrò tó ń ba ẹja jẹ́ kò lè ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi oògùn òkú ṣe?

Ilé wa níbí ni ewu wà. Iná á lọ, páálí á yọ́, iná á dé, á tún dì. Ẹ wo ìdí páálí: bí yìnyín tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dì síbẹ̀, tí ikùn ẹja ti bẹ́, ó ti yọ́ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹja odò Ọ̀yán tó ti wà nínú ọpọ́n láti àárọ̀, tí oòrùn ọ̀sán ń pa, kò sẹ́ni tó ń fura sí i. Kẹ́ ẹ tó bi ìyá ẹlẹ́ja ní ìlú tí ẹja rẹ̀ ti wá, ẹ bi í bóyá ó tan jẹnẹrétọ̀ lánàá.