Èsì ilé ìfọṣọ wa sí rìfíyù ìràwọ̀ méjì lórí bẹ́díṣíìtì tó ń ta sánsán

Ẹ kú àárọ̀ mà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lálẹ́ Sátidé, mo sì tún un kà kí n tó dáhùn. Ẹ ní ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù wa pé ẹ ò fẹ́ lọ́fínńdà kankan, síbẹ̀ bẹ́díṣíìtì mẹ́rin àti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ yín dé tó ń ta sánsán, ọmọ wá ń họ ọrùn àti ibi tí apá ẹ̀ ti ń ká títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an mà, ẹ bá wa kí ọmọ náà. Ẹ ṣeun tí ẹ ò tiẹ̀ fún wa ní ìràwọ̀ ẹyọ kan.

Ẹ̀bi wa ni. Àmọ́ kì í ṣe pé a purọ́ fún yín o, ọṣẹ tá a fi fọ̀ ọ́ ò ní lọ́fínńdà lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé aṣọ ẹbí àwọn kan la kọ́kọ́ fọ̀ nínú maṣíìnì yẹn, a sì da sọ́fúnà sí i, ìyẹn omi olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀, sọ́fúnà sì máa ń ki, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ń dà á sí, tí omi bá tún gba ibẹ̀ kọjá á máa gbé e díẹ̀díẹ̀ sórí aṣọ ẹni tó tẹ̀lé e. Kò dà bí ọṣẹ tó máa ń bómi lọ, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni pé kó dúró sára aṣọ. Èyí tó wá burú jù, ọmọ tó ń lọ aṣọ fọ́n omi olóòórùn sí yúnífọ́ọ̀mù torí ó ti mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Fọ́ọ̀mù yín dúró sọ́wọ́ ẹni tó gba aṣọ, kò dé ibi áyọ́ọ̀nù rárá.

Kí n má parọ́, ní Ìbàdàn níbí ọ̀pọ̀ oníbàárà ló jẹ́ pé tí aṣọ ò bá ta sánsán wọ́n á ní ṣe la kàn rì í bọ omi. Òórùn yẹn ni wọ́n ń sanwó fún. Bó ṣe kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ẹni tí ara ẹ̀ ò gbà á ló ń jìyà ẹ̀.

Ẹ bi wá pé ṣé ọṣẹ tí wọ́n kọ "unscented" sí ò tó ni. Kò tó mà. Ìyẹn kàn ní imú yín ò ní gbọ́ nǹkan kan ni, àwọn kan ń fi lọ́fínńdà bo òórùn ọṣẹ mọ́lẹ̀. "Fragrance free", ìyẹn èyí tí wọn ò fi lọ́fínńdà sí rárá, lẹ máa wá, kẹ́ ẹ sì yẹ ẹ̀yìn ike wò, tẹ́ ẹ bá rí orúkọ lọ́fínńdà bíi parfum, linalool tàbí limonene, ẹ gbé e padà sórí káńtà. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yẹn, bí atẹ́gùn bá ṣe ń fẹ́ sí wọn ni wọ́n túbọ̀ ń le lára. Ọṣẹ olómi náà lè ní methylisothiazolinone, tí wọ́n ń fi sí i kó má bàjẹ́, kò ní òórùn kankan àmọ́ ara àwọn kan ò gbà á, àwọn Yúróòpù ò sì gbà kí wọ́n fi sí ìpara mọ́ láti 2017. Ìdí tá a fi ń lo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú fún irú aṣọ yín nìyẹn.

Ẹ ní ẹ máa padà sí ọṣẹ dúdú. N ò bá yín jà, òun ni ìyá mi fi wẹ̀ wá, ṣùgbọ́n eérú ló wà nínú ẹ̀, ó máa ń ta ara tó ti bó, òmíràn tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí sì ti ní lọ́fínńdà. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ ṣan aṣọ náà dáadáa. Káńfò tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kó sí kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kó o síbi aṣọ ọmọ, pàápàá tí ìkókó bá wà nílé, naphthalene ni, ọmọ tí ò ní G6PD (èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) tó lára lè fi kó jọ́ńdíìsì tó le. Tí ara yíyún náà ò bá lọ, dókítà awọ ara wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn níbí, wọ́n lè lẹ nǹkan kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn fún wákàtí 48 kí wọ́n fi mọ ohun tí ara ò gbà gan-an.

A ti dá ₦7,800 yín padà lánàá. Maṣíìnì kékeré tó wà lẹ́yìn ti di ti àwọn tí ò fẹ́ òórùn nìkan, sọ́fúnà ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì la ó máa ṣan aṣọ, rọ́bà pupa la ó sì máa so mọ́ báàgì kí ẹni tó ń lọ aṣọ mọ̀ pé omi lásán ló máa fọ́n. A ò fowó lé e. Àwọn bẹ́díṣíìtì yẹn ṣá, ẹ̀ẹ̀kan lè má tó o, ẹ fọ̀ wọ́n bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ fọ́mọ.

Ìbòrí pílò yín kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa, èyí tó ní yẹ́lò létí, kò tíì dé ibi áyọ́ọ̀nù. Mo ti fi omi lásán ṣàn án, mo sì sá a sóòrùn. Ọlọ́kadà wa á gbé e wá ní Tọ́sìdeè, tẹ́ ẹ bá gbóòórùn kankan lára ẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.