Ìbòmú Àlejò

Fọ́tò kan ló ba àárọ̀ mi jẹ́ lónìí. Irú èyí tí ẹ̀yin náà mọ̀: àwọn ẹni ńlá lọ bẹ ibi tí wọ́n ti ń kó ilẹ̀ olóró wò. Aṣọ funfun bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ìbòmú alágolo méjì wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń nawọ́ sí kòtò. Ẹ wá wo inú kòtò náà dáadáa. Ọmọkùnrin méjì ń fi ṣọ́bìrì kó ilẹ̀ níbẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni ọ̀kan wọ̀; èkejì fi aṣọ ìnujú di imú.

Àlejò tí kò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ló dira ogun. Ẹni tó ń jẹ eruku ibẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ló wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé "àwọn fúnra wọn ni kì í fẹ́ wọ̀ ọ́." Mo ti gbọ́ ọ yó. Àwọn tó ń sọ ọ́, a ò kúkú rí wọn nínú kòtò rí.

Mo ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀ rí, iṣẹ́ akọ̀wé. Iye típà tó bá kó ilẹ̀ jáde ni mò ń kọ sínú ìwé. Òjé, tí òyìnbó ń pè ní "lead", ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Òjé ò rùn, kò ta ni lójú, kò yún ni lára, nítorí náà èèyàn á máa rò pé ilẹ̀ lásán lòun ń kó. Nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún wa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rántí: "Ẹ máa ṣọ́ra o." Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí lébìrà irú ibi bẹ́ẹ̀ fi wákàtí 40 kẹ́kọ̀ọ́, kó tún fi ọjọ́ 3 ṣiṣẹ́ níṣojú ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n.

Páálí ìbòmú gidi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi àgádágodo tì í. Mo béèrè. Fọ́máànù ní, "Ti àlejò nìyẹn." Èyí tó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń wọ̀ ní ọsibítù ni wọ́n pín fún àwọn tó ń walẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, eruku sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé fàlàlà.

Kò sí ibi ìwẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n kan tó dàgbà jù láàárín wọn máa ń sọ pé ọmọbìnrin òun kì í jẹ́ kóun tíì wọlé tán tó fi ń dì mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́. Òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì, ara rẹ̀ lè fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó sọ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni tó ní òṣì ló ń fà á, ẹ rántí Kingston ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà kan náà. Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2008 ni adágún eérú èédú ilé iṣẹ́ amúnáwá kan ya níbẹ̀. Nǹkan bí 900 òṣìṣẹ́ ló kó o. Wọ́n ní àwọn béèrè ìbòmú, wọn ò fún àwọn. Ọdún 2018 ni ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn ní kọ́ọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé agbaṣẹ́ṣe kùnà ojúṣe rẹ̀. Ó di 2023 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀. Àwọn kan ti kú kó tó dìgbà yẹn. Òfin wákàtí 40 yẹn sì wà nílẹ̀ o.

Níbi iṣẹ́ tiwa, mo pariwo títí fọ́máànù fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yọ̀ bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Aṣọ funfun, ìbòmú, ìbọ̀wọ́, gbogbo wọn wọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ bọ́ tiẹ̀. Mo ní rárá, ẹ rántí ọmọ yín. Ó wọ̀ ọ́ padà. Kò pé wákàtí kan tí mo gbọ́ ariwo. Ẹ̀gbọ́n ti ṣubú, ara ẹ̀ gbóná janjan, ó ń sọ kántankàntan. Ọ̀bẹ la fi ya aṣọ yẹn lára ẹ̀, a da omi lé e lórí. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Aṣọ tí kò gba eruku láyè, kò gba òógùn láyè náà. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ nínú oòrùn gbọ́dọ̀ máa sinmi lábẹ́ ìbòòji, kó máa mu omi. Kó sì tó mu omi, àfi kó jáde nínú kòtò, kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó fọ ọwọ́, kó fọ ojú. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń fi omi rin ilẹ̀ kí katapílà tó kàn án, eruku á dínkù. Ta ló fẹ́ dúró de ìyẹn? Iye típà tó bá kún ni wọ́n fi ń sanwó fún lébìrà. Ẹni tó bá sinmi, àpò ara rẹ̀ ló ń sinmi lé lórí.

Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n padà sínú kòtò, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Fọ́máànù wò mí, ó ní, "Ṣé o rí i? Wọn ò fẹ́ wọ̀ ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́. Abẹ́ fáànù ni mo jókòó sí, ìbòmú àlejò wà lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà mo ń ka típà lọ.