Ta ló ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò ju ìdá 7 lọ?

Ẹ ó ti gbọ́ ọ rí, pàápàá bí ẹ bá ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tajà tàbí bí a ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀: nínú ìdá 100 ohun tí à ń bára wa sọ, ọ̀rọ̀ ẹnu kó 7 péré, ohùn kó 38, ojú àti ara kó 55. Gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ búra kò sọ bẹ́ẹ̀.

Albert Mehrabian ni, ní Yunifásítì UCLA, ní Amẹ́ríkà. Ìwádìí méjì lòun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1967. Nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi oríṣiríṣi ohùn pè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "maybe", tí wọ́n fi ohùn mẹ́ta pè, tí wọ́n sì gbé fọ́tò ojú tì í. Ohun tí wọ́n bi àwọn èèyàn kò ju pé, ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí fẹ́ràn ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àbí kò fẹ́ràn rẹ̀? Wọ́n da èsì méjèèjì pọ̀, ló bá di 7, 38, 55. Mehrabian fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí kì í bá ṣe bí nǹkan ṣe rí lára ẹni là ń sọ, ìṣirò náà kò kan ibẹ̀.

Níbi tó kàn, òótọ́ ni. Ọmọ fọ́ àwo, ìyá rẹ̀ rọra fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu: "O káre." Ọmọ yẹn kò ní dúró gba oríyìn. Ìyá kò sì yí àmì ohùn kankan padà o. Fífà tó fa ọ̀rọ̀ náà àti bó ṣe rẹ ohùn sílẹ̀ ló fi bá a wí.

Ṣùgbọ́n kí ìyá kan náà pe ọmọ lórí fóònù pé kó ra gàrí kóńgò méjì bọ̀. Ojú kò sí níbẹ̀ mọ́, ìdá 55 ti wọmi. Ohùn wo ló fẹ́ fi sọ "kóńgò méjì" bí kò bá pè é lẹ́nu?

Ìlù dùndún ni ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù pé ohùn nìkan kò tó. Ohùn ọ̀rọ̀ ló ń gbé jáde, kò lè pe b, kò lè pe k. Ìdí nìyẹn tí àwọn àyàn fi ń di oríkì àti òwe tí etí ti mọ̀ mú. Bí ìlù bá sọ gbólóhùn tuntun, oníkálukú á fi tirẹ̀ sí i ni. Láyé ìjọsí tí rédíò ìjọba ń fi ìlù dá ara rẹ̀ mọ̀, "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" làwọn kan ń gbọ́ nínú rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ rédíò ni ìlù ń pè, lédè Gẹ̀ẹ́sì.