Kí ẹ tó sọ pé máàkì bowling ẹnìkan kéré

Èrò ọkàn mi nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: ẹni tó bá gba 100 nínú bowling láìgbé bọ́ńpà sókè, tí kì í sì ṣe ẹni tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ti ṣe bẹbẹ. Bowling ni eré tí a ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lórí ilẹ̀ gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní lane, kó lè wó àwọn ohun bí ìgò, ìyẹn pin, tó dúró ní òpin rẹ̀; bọ́ńpà ni ọ̀pá tí wọ́n ń gbé sókè ní ẹ̀gbẹ́ lane kí bọ́ọ̀lù má bàa yà kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó gba 70 tàbí 80 nígbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù náà, kò sí ohun tó ṣe tí ojú fi yẹ kó tì í. Yẹ̀yẹ́ tí a ń fi irú wọn ṣe nílùú Ìbàdàn yìí ti ń pọ̀ jù, ó sì ń lé àwọn ènìyàn kúrò nínú eré tó dáa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa kan níbi iṣẹ́ kó ara wa jọ torí ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n wa kan, a forí lé ibi tí wọ́n ti ń ṣe bowling. Àbúrò kan wà pẹ̀lú wa tí kò dé irú ibẹ̀ rí. Bó ṣe ń wọ bàtà tí wọ́n háyà fún un ló ń béèrè pé ìka wo ló ń wọ ihò wo. Nígbà tí eré parí, ó gba 83. Ní lane tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, bàbá kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Bọ́ńpà wọn wà lókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bàbá náà fúnra rẹ̀ sì gba 112. Ó gbójú sókè wo síkírìnì tiwa, ó ní, "Àǹtí, 83 kẹ̀? Ọmọ mi tó kéré jù máa nà yín o!" Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò wa bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí a ní ká ṣe ẹ̀ẹ̀kejì, ó ti ń tú okùn bàtà. Ó ní ká máa ṣe é lọ, òun á máa wò wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

83 yẹn ju 112 yẹn lọ. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ lane lọ́tùn-ún lósì. Bọ́ọ̀lù tó bá já sí i, òdo ni. Tí bọ́ńpà bá wà lókè, bọ́ọ̀lù ò lè já sí gọ́tà mọ́. Á gbá bọ́ńpà, á ta padà sí àárín, á sì lọ wó pin márùn-ún, mẹ́fà tí kò tọ́ sí i. Fún ọmọdé, bọ́ńpà dáa gan-an, torí kò sí bí ọmọ ọdún márùn-ún ṣe máa gbádùn eré tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọ gọ́tà ní gbogbo ìgbà. Àgbàlagbà náà lè lò ó tó bá wù ú. Àmọ́ kó má wá gbé máàkì tó fi bọ́ńpà gbà síwájú ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù láàrin gọ́tà méjì. Àbúrò yẹn kó spare méjì, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló fi bọ́ọ̀lù kejì kó ìyókù pin tán, láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì eré yìí ni ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀, síkírìnì ló ń bá wa kà á, a kàn ń wo iye tó gbé jáde ni. Pin 10 ló wà níwájú rẹ, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí ìlà tí o ò gbọdọ̀ tẹ̀ kọjá. Eré kan jẹ́ frame 10, o sì ní bọ́ọ̀lù méjì nínú frame kọ̀ọ̀kan. Tí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bá wó gbogbo pin lẹ́ẹ̀kan, strike nìyẹn: o gba 10, wọ́n á tún fi iye tí bọ́ọ̀lù méjì tó tẹ̀lé e bá wó kún un. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù kejì ló kó ìyókù tán, spare nìyẹn: o gba 10, wọ́n á fi iye tí bọ́ọ̀lù kan tó tẹ̀lé e bá wó kún un. Tí pin kankan bá ṣì dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kejì, iye tó ṣubú nìkan lo ní. Nínú frame kẹwàá, ẹni tó bá ṣe strike tàbí spare a máa rí bọ́ọ̀lù àfikún yí. Ẹni tó bá ṣe strike 12 léra léra ló ń gba 300, òun ni òpin.

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò. Ká ní ẹnìkan ń wó pin 9 nínú gbogbo frame rẹ̀, tí ẹyọ kan ń ṣẹ́kù fún un ní gbogbo ìgbà. Iye tó máa gbà ni 90. Pin 9 o, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá! Ẹni tó ń wó pin 9 léra léra kì í ṣe ọ̀lẹ, síbẹ̀ kò ní dé 100. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dé 100 láìṣe strike tàbí spare, ó kéré tán ẹyọ kan. Ìdí tí mo fi mú 100 nìyẹn. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ti kó frame kan tán pátápátá, kò kàn ń sun bọ́ọ̀lù síwájú kí pin máa ṣubú bó bá ṣe rí.

Ẹ tún wo èyí. Ẹnìkan ṣe strike nínú frame kìíní, ẹ̀kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje àti ìkẹsàn-án. Strike márùn-ún! Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló fò sókè, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, fídíò sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ká. Àmọ́ nínú àwọn frame tó kù, pin 4 péré ló ń wó, bọ́ọ̀lù kejì a wọ gọ́tà. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: strike kọ̀ọ̀kan jẹ́ 14, frame tó tẹ̀lé e jẹ́ 4, ìyẹn 18 lọ́nà márùn-ún. 90 ló gbà. Iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò ṣe strike kankan.

Ẹ wá wo ẹnìkejì, tó jẹ́ pé ọjọ́ náà ṣú, kò rí strike kankan ṣe. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ a wó 7, ìkejì a kó 3 tó kù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe é títí dé frame kẹwàá, bọ́ọ̀lù àfikún tó yí kẹ́yìn náà sì wó 7. Kò sẹ́ni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ká fídíò rẹ̀. 170 ló gbà! Tó bá jẹ́ 5 àti 5 ló ń wó bẹ́ẹ̀, 150 ni ì bá gbà. Àwọn irú ènìyàn yìí ni mo máa ń dúró wò. Ẹni tó bá lè kó ìyókù tán ló mọ eré yìí ṣe, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ síbi tó rán an. Strike máa ń bọ́ sí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lọ́wọ́, mo ti rí i tí bọ́ọ̀lù yà bàrá tí gbogbo pin sì dà lulẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kó pin ẹyọ kan ní igun.

Ilé ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá wa ka máàkì lórí 100: 40 la fi ń mọ ẹni tó yege díẹ̀, 70 sókè ni ọlọ́pọlọ pípé. A wá gbé e wọnú bowling. Ẹni tí kò mọ̀ pé 300 ni òpin a máa yọ̀ sí 90 bí ẹni tó gba A. Ẹni tó sì mọ̀ a ní 90 nínú 300, ó ti féèlì. Ìṣirò bowling kì í lọ déédéé bẹ́ẹ̀. Strike tó tẹ̀lé strike máa ń bí máàkì sí i; nínú eré tó gba 300, frame kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30. Nítorí náà ẹni tó gba 150 kì í ṣe ìdajì ẹni tó gba 300, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni máa pín in bẹ́ẹ̀.

Àwọn fídíò tí a ń wò tún dá kún un. Ẹ rí ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó gba 220, ẹ wá ní kí ló dé tí ọmọ Mọ́kọ́lá tó lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ò gba tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní bọ́ọ̀lù tiẹ̀, wọ́n fi ìka rẹ̀ wọn ihò rẹ̀ kí wọ́n tó lu ú. Ó wà nínú líìgì, ó ń yí bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì wọn gan-an, wọ́n máa ń fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì yá ní máàkì àfikún kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí òun àti ọ̀gá lè jọ figa gbága. Àwọn tó ni eré náà ò fi máàkì lásán wọn èèyàn, àwa la wá ń fi í wọn ara wa.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ lórí èyí. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1982, Glenn Allison ṣe eré mẹ́ta ní La Habra, ní California, ó sì gba 300 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Strike 36 léra léra, 900 lápapọ̀. Àjọ American Bowling Congress, tó ń ṣàkóso eré náà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wá yẹ lane náà wò. Wọ́n máa ń fi òróró pa apá iwájú lane kí bọ́ọ̀lù lè yọ̀ lọ, apá ẹ̀yìn tó sún mọ́ pin á gbẹ, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń rí ẹsẹ̀ tẹ̀ tó fi ń yà. Tí òróró bá pọ̀ láàrin ju ẹ̀gbẹ́ lọ, ó máa ń ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Àjọ náà ní òróró orí lane yẹn kò bá òfin mu, wọn ò sì fọwọ́ sí 900 náà. Ọdún 1997 ni wọ́n tó fọwọ́ sí 900 àkọ́kọ́, ti Jeremy Sonnenfeld ní Nebraska. Ó dun èèyàn fún Allison, ó dùn mí náà. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe: máàkì tó dé òpin pátápátá, wọ́n ṣì béèrè pé orí lane wo ló ti gbà á. Àwa ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ara wa.

Ìbéèrè ọ̀hún sì pọ̀ nílé wa níbí. Ẹni tó ti Apẹ̀tẹ̀ tàbí Olódó wá, tó ti jókòó sínú gó-síló kó tó dé, tó san owó mọ́tò, owó bàtà àti owó eré, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ṣe é, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà wo ni ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ yá? Bọ́ọ̀lù tó bá níbẹ̀, ihò rẹ̀ lè fún àtàǹpàkò rẹ̀ pa, ó sì lè gbòòrò jù tó fi jẹ́ pé ṣe ló ń há bọ́ọ̀lù náà mọ́wọ́ kó má bọ́. Wọ́n lè mú iná lọ láàrin frame. Ẹ̀rọ á dúró gbagidi, pin mẹ́ta tó fẹ́ kó á wà níbẹ̀. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé e, ẹ̀rọ lè palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́ kó tún to mẹ́wàá tuntun sílẹ̀. Gbogbo èyí wọnú máàkì náà, síkírìnì ò sì ní kọ ọ́. Ìlú tí a ní kì í gbe onílé bí àjèjì, ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú eré rí ojú rere níbẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí ní èyí tó dáa lójú tèmi, láìsí bọ́ńpà: ẹni tó kọ́kọ́ wá tí kò ju ìdajì bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ tó wọ gọ́tà, kó lọ fi ọkàn balẹ̀, ohun yòówù kó gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, iye frame tó kó tán ni kó máa kà. Ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta. Ẹni tó bá ń kó mẹ́rin, márùn-ún nínú mẹ́wàá lemọ́lemọ́, tó sì jẹ́ pé ìgbafẹ́ ló bá wá, mo kan sáárá sí i, ọ̀gá ni láàrin wa. 200 ń kọ́? Ẹni tó bá ń gba ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ìgbafẹ́ mọ́, kó lọ wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kó má máa fi ti àwa tó kù dápàárá.

Ẹni tó bá fẹ́ kí spare òun pọ̀ sí i, kó fi bọ́ọ̀lù páùn 16 sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí. Òun ló wúwo jù nínú eré náà, apá tó ti rẹ̀ kò lè yí i gún régé. Kó má wo pin, kó wo àwọn ọfà méje tí wọ́n yà sórí lane, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 síwájú ìlà, kó sì gba orí ọfà kan pàtó kọjá. Tí pin bá ṣẹ́kù ní igun ọ̀tún, kó rìn lọ sí ọwọ́ òsì kó tó yí i, kí bọ́ọ̀lù lè gba àárín lane kọjá lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá dúró lápá ọ̀tún tó ń fojú sun pin ọ̀tún, gọ́tà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ìyípadà ẹyọ yìí sọ di ẹlòmíràn lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ibi ìṣeré wọ̀nyí nílùú wa, mo bẹ̀ yín. Kí ẹni tó ń há bàtà fún àlejò lo ìṣẹ́jú márùn-ún péré láti fi ọfà ilẹ̀ yẹn hàn án, kó bá a mú bọ́ọ̀lù tó bá ìka rẹ̀ mu, kó sì bi í bóyá ó fẹ́ bọ́ńpà. Lane tí bọ́ńpà rẹ̀ bá wà lókè, ẹ kọ ọ́ sórí síkírìnì níbi tí gbogbo ojú á ti rí i.