Ẹ Jẹ́ Ká Máa Dárúkọ Kilwa Ká Tó Dárúkọ Zanzibar

Bí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu ba erékùṣù àwọn Swahili, Zanzibar ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń já sí. N kò bá Zanzibar jà. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí àwọn ọmọ Áfíríkà etí Òkun Íńdíà fọwọ́ ara wọn kọ́, Kilwa Kisiwani ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Erékùṣù tí àlàpà ìlú àtijọ́ wà lórí rẹ̀ ni, gúúsù Tanzania ló wà, nǹkan bí 300 kìlómítà sí Dar es Salaam.

Ẹ̀fúùfù ló sọ Kilwa di olówó. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní kaskazi a máa fẹ́ láti àríwá, a sì máa gbé ọkọ̀ onígbòkun wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà. Tó bá di oṣù kẹrin, kusi a gbà á láti gúúsù, a sì dá wọn padà sílé. Kilwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi tó jìnnà jù tí ọkọ̀ lè dé, kó sì tún bá ẹ̀fúùfù ọdún kan náà padà. Nítorí náà, wúrà tó ń ti Sofala bọ̀, ní ilẹ̀ Mozambique òde òní, ọwọ́ Kilwa ló ń gbà kọjá. Wọ́n rọ owó bàbà tiwọn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà lójú owó náà àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì bára wọn mu ní ìró bí ewì. Wọ́n ti rí i ní Great Zimbabwe, ìlú olókùúta àtijọ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe. Ní ọdún 1944, wọ́n rí márùn-ún ní erékùṣù kan ní àríwá Australia!

Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Morocco, dé ibẹ̀ ní 1331. Ó ní sultan al-Hasan ibn Sulaiman lawọ́ débi pé alágbe kan tọrọ aṣọ ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sì bọ́ ọ fún un. Ọba yìí ló kọ́ Husuni Kubwa sórí òkè létí òkun, ààfin tí yàrá rẹ̀ lé ní 100, tó ní adágún ìwẹ̀ onígun mẹ́jọ. Òun náà ló fẹ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ti kọ́ ní ọ̀rúndún kọkànlá. Apá tó fi kún un wó, àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tún un kọ́, òrùlé rẹ̀ sì rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé.

Òkúta iyùn inú òkun ni wọ́n fi kọ́lé. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde látinú omi, ó rọ̀, ó ṣeé fín. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, á le. Ẹfun tí wọ́n fi ń mọ ògiri, iyùn náà ni wọ́n tò sórí igi tí wọ́n sì dáná sun. Àjà ilé ni igi boriti, tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Gígùn boriti ló ń pinnu fífẹ̀ yàrá, ìdí nìyẹn tí yàrá wọn fi gùn tóóró.

Ìtàn ìlú sọ pé ọmọ ọba kan láti Shiraz ní ilẹ̀ Páṣíà (Iran òde òní) fi aṣọ ra erékùṣù náà, aṣọ tó tó ká a yípo. Ìtàn yìí ni àwọn òyìnbó gùn lé tí wọ́n fi sọ fún ọdún pípẹ́ pé àlejò ló kọ́ gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọdún 800 ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀. Ìwádìí DNA lára egungun àwọn ará etíkun yìí, tó jáde ní 2023, fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn ní bàbá ńlá láti Páṣíà láti nǹkan bí ọdún 1000, ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ńlá wọn. Èdè ìyá ló sì borí.

Àwọn Potogí kó ìlú náà ní 1505, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 1512. Ní 1776, Faransé kan, Morice, bá sultan ṣe àdéhùn pé kó máa ta ẹrú 1,000 fún òun lọ́dọọdún. Tí afinimọ̀nà bá fo èyí, ẹ bi í.

Kilwa mẹ́ta ló wà, ẹ má ṣì wọ̀. Kisiwani ni erékùṣù; Masoko ni ìlú orí ilẹ̀ tó kọjú sí i; Kivinje wà lápá àríwá. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Lindi tàbí Mtwara kì í wọ Masoko, oríta Nangurukuru ló máa já yín sí, ẹ ó wá wọ ọkọ̀ kékeré. Masoko ni kí ẹ sùn. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó ṣílè lọ́wọ́ ni kí ẹ mú dání. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ kò gbọdọ̀ gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Aago ló ń da àlejò láàmú jù. Swahili ní wakati bí àwa náà ṣe ní wákàtí, Lárúbáwá ni gbogbo wa ti yá a, ṣùgbọ́n ìlà oòrùn ni wọ́n ti ń kà á. Saa moja, ìyẹn aago kan tiwọn, ni aago méje àárọ̀. Tí ọlọ́kọ̀ bá ní saa mbili, ìyẹn aago méjì tiwọn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń wí. Ẹni tó bá fi í pe aago méjì ọ̀sán á bá èbúté tó ti dá.

Ẹ tètè jáde, torí láti mọ́ṣáláṣí dé Husuni Kubwa kì í ṣe ìrìn kékeré lábẹ́ oòrùn yẹn. Ẹ gbé omi, ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún, abúlé Mùsùlùmí ni. Ẹ má gun ògiri. Òjò àti ìgbì òkun ti jẹ ẹ́ débi pé àjọ UNESCO, tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ogún àgbáyé ní 1981, fi í sínú àwọn ibi tó wà nínú ewu láti 2004 di 2014. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òjò pọ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kejì, kó dé Songo Mnara, erékùṣù kan nítòsí, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ ti pọ̀ jù. Tí òkun bá fà, ẹrẹ̀ ni ẹ ó fẹsẹ̀ rìn dé orí ilẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ìgbà tí omi máa kún kí ẹ tó sanwó ọkọ̀.