Gáàsì tó gbóná kọ́ ló ń gé pákó

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ìbarà kì í fẹ́ kí n tètè tan páńpù omi tó ń mú túùbù gáàsì ẹ̀rọ lésà wa tutù, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gé pákó. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ ná, kó lè lágbára." Ó rò pé bíi jẹnẹrétọ̀ ni. Òun nìkan kọ́. Oníbàárà ń sọ ọ́, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń sọ ọ́: gáàsì inú túùbù yẹn gbóná ju iná lọ, ooru rẹ̀ ló ń jáde wá gé pákó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbàgbọ́ yìí sì ń ba túùbù olówó ńlá jẹ́.

Gáàsì mẹ́ta ló wà nínú túùbù náà: kábọ́ndaọ́ksáídì, náítírójìn, àti hílíọ̀mù, tó sábà máa ń pọ̀ jù. Tí iná bá wọ̀ ọ́, ẹlẹ́kítírọ̀nù, àwọn èérún kéékèèké tó ń gbé iná, ló kọ́kọ́ gba agbára. Ìgbóná tiwọn á ju 10,000 Kelvin (òṣùwọ̀n ìgbóná) lọ, ti gáàsì tó yí wọn ká kò sì ní sún mọ́ ọn rárá. Ẹ wo gílóòbù gígùn funfun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù: irú ẹlẹ́kítírọ̀nù bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ gbà á. Ẹlẹ́kítírọ̀nù fúyẹ́ jù. Tó bá kọlu mólékù, ìyẹn ẹyọ gáàsì kan, bí ẹni ju èkùrọ́ lu Olúmọ ni, yóò ta padà, àpáta ò ní mira.

Ohun tó lè ṣe ni pé kó mú kí mólékù máa gbọ̀n nínú ara rẹ̀. Ẹ fojú inú wo obìnrin mẹ́ta tó tò, tí wọ́n jọ di àdìrẹ tútù mú ní Ìtòkú. Bí mólékù kábọ́ndaọ́ksáídì ṣe rí nìyẹn: ti àárín ni kábọ́nì, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ni ọ́síjìn. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ lè fa aṣọ síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn lè tẹ̀ bí ọrun. Ti àárín sì lè máa sún mọ́ ọ̀tún, kó tún sún mọ́ òsì. Àwọn onímọ̀ ń fi iye ìgbì inú sẹ̀ǹtímítà kan wọn agbára ìgbọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí: fífà jẹ́ 1,388, títẹ̀ jẹ́ 667, ti ọ̀tún-òsì jẹ́ 2,349.

Náítírójìn tí ẹlẹ́kítírọ̀nù bá gbá ń gbọ̀n ní 2,330. Kò lè tan agbára náà dànù bí ìmọ́lẹ̀, nítorí náà yóò gbé e káàkiri títí yóò fi pàdé kábọ́ndaọ́ksáídì. 2,330 àti 2,349 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà ó rọrùn láti gbé e fún un. Mólékù náà yóò wá já bọ́ láti 2,349 sí 1,388. Ẹ yọ ọ́ kúrò: 961. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gé pákó nìyẹn, ojú ò rí i. Kumar Patel ló kọ́kọ́ ṣe irú lésà yìí ní Amẹ́ríkà ní 1964.

Ibi tí ooru ti ń bà á jẹ́ rèé. Ipele 1,388 gbọ́dọ̀ ṣófo, kí àwọn tó ń já bọ́ lè ríbi bọ́ sí. Ní 300 Kelvin, bí ìgbóná inú yàrá, tí ẹgbẹ̀rún mólékù bá dúró jẹ́ẹ́, bí ẹyọ kan ni ooru ń gbé dé ipele yẹn. Ní 600 Kelvin, ó di bíi 36. Àyè ti kún. Hílíọ̀mù ló ń bá wa kó ooru náà lọ sí ara túùbù, omi á sì gbé e lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò irú gáàsì yìí kì í fi kọ ìgbóná kan ṣoṣo sílẹ̀. Ti ẹlẹ́kítírọ̀nù lọ́tọ̀, ti náítírójìn lọ́tọ̀, ti ìgbọ̀n ọ̀tún-òsì lọ́tọ̀, ti gáàsì fúnra rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n á wá ṣírò bí ọ̀kan ṣe ń gbé agbára fún èkejì. Ooru wúlò níbòmíì o: nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máíkírówéèfù tí wọ́n fi ń fọ́ kábọ́ndaọ́ksáídì, gáàsì máa ń kọjá 3,000 Kelvin, ooru yẹn gan-an ló sì ń fọ́ ọ. Lésà ni mò ń sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta, ìyá aládìrẹ kan ní kí n gé bátànì sára pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lésà ò gé e dé ìsàlẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ fi kún iná. Mo ní kó ki ọwọ́ bọ garawa omi tí páńpù ń fà. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. A pa ẹ̀rọ, a da omi náà nù, a rọ omi tútù láti inú kànga, a sì tún un gé láìfi kún iná. Nígbà tó gbé pákó náà sókè, bátànì já bọ́ fúnra rẹ̀.