Ta ló sọ pé ọmọdé máa ń gbàgbé?

Ẹ ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé. Níjẹta, abẹ́ igi káṣù la jókòó sí ní ìlú Ìyàrá, à ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó parí ilé ìwé tí wọ́n kàn ń sùn tọ̀sán tòru, ni bàbá kan bá ní "ìyà kì í pa ọmọ, ńṣe ló ń mú un gbó, ọmọdé ò tiẹ̀ ní rántí." Gbogbo wa mirí. Èmi náà mì í, kí n má purọ́, torí inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ni: ìyà tọ́mọ bá jẹ ní kékeré lè di ìsoríkọ́ tó bá dàgbà, ìyẹn àìsàn ọkàn tí òyìnbó ń pè ní depression.

Àbúrò mi kan ti pé ọdún 23 báyìí. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Lọ́kọ́ja, aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí lọ pọnmi, tó bá pẹ́, wáyà ni. Ìgbà tó fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì ló padà wálé, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, la bá ní ó ti tán. Àmọ́ títí dòní, tẹ́ ẹ bá rọra ṣílẹ̀kùn yàrá tó ń sùn, á ti nàró kójú ẹ̀ tó là, á dúró síbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, oorun ṣì wà lójú ẹ̀. Ta ló gbàgbé níbẹ̀? Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé o, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tẹ́rù bá ba ọmọ, ara ẹ̀ á tú nǹkan kan jáde tí wọ́n ń pè ní cortisol kó lè sá tàbí kó lè dúró, tí ewu bá kọjá, ó yẹ kó lọlẹ̀. Ilé tí ewu kì í ti í kọjá ńkọ́? Ó wá dà bíi jẹnẹrétọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò pa, iná ti dé, ó ṣì ń ké, epo ń lọ. Tọ́mọ yẹn bá wá dọ̀dọ́, ìgbà tí ìsoríkọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, àwa á ní ọ̀lẹ ni.

Ní San Diego ní Amẹ́ríkà, dókítà Vincent Felitti àti Robert Anda àtàwọn ẹgbẹ́ wọn bi àgbàlagbà tó lé ní 9,000 léèrè bóyá wọ́n lù wọ́n ní kékeré, bóyá wọ́n ń bú wọn, bóyá ẹnì kan fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí ò yẹ, bóyá wọ́n ń lu ìyá wọn, bóyá ọ̀mùtí wà nílé. Iṣẹ́ náà jáde ní 1998. Ẹni tó ní mẹ́rin sókè nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ewu pé ìsoríkọ́ á mú un ju ìlọ́po 4 ti ẹni tí ò ní ìkankan lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní 50 ọdún o, wọ́n sì ní ìnṣọ́ránsì ìlera, kì í ṣe òṣì ló ń bá wọn jà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àrùn òyìnbó ni ìsoríkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta bá Alexander Leighton, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, wọ abúlé Yorùbá, iṣẹ́ wọn jáde ní 1963, àmì ẹ̀ kún ara àwọn èèyàn wa, a ò kàn lórúkọ fún un ni. "Orí mi ń gbóná," "nǹkan ń rìn lórí mi," "ara mi ò yá," ṣé ẹ ò gbọ́ ọ rí ni? Ìyà ọ̀hún náà ò sì jìnnà sí wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 ní nínú ọmọ 10, bíi 6 ni wọ́n ti hùwà ipá sí kó tó pé ọdún 18.

Mo mọ̀ pẹ́nì kan á ní òun náà jẹgba, òun sì di èèyàn. Ó dáa. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jìyà ló máa sorí kọ́, kádàrá kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ìyá àgbà kan, tàbí tíṣà kan, tó ń fà á mọ́ra. Àwọn àgbà ní ká fọwọ́ òsì na ọmọ ká fọ̀tún fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì nìkan làwa gbọ́.

Àbúrò mi ọ̀hún ti ń lọ rí dókítà ọpọlọ báyìí. Lóṣù tó kọjá, ìyá mi gbé iyán síwájú ẹ̀, ó wá bi í, fúngbà àkọ́kọ́ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, "kí ni wọ́n ṣe fún ẹ níbẹ̀?" Ó sọ̀rọ̀ títí iyán fi tutù. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.